Ẹsẹ̀ Ló Ń Mú Ìbátan Dúró: Ìrìn-Àjò ní Pobè àti Sakété

Wọ́n ní kí n sọ bí ìrìn-àjò ṣe ń so èèyàn pọ̀. Lójú àwọn kan, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú ni arìnrìn-àjò. Níhìn-ín, ìyá tó gbé gàrí ní Sakété ní Benin lọ tà ní Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà ti dé ilẹ̀ òkèèrè kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó fi ààlà pín àwa Yorùbá ẹkùn yìí. Kétu, Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé; Ìmẹ̀kọ àti Ìláròó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni ò kúrò lójú kan, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ lọ kí àbúrò ìyá rẹ̀ di ẹni tó ń kọjá ààlà. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní Ìlárá, tí ààlà là sí méjì, èwo ni àjò, èwo ni ilé?

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ rèé. Faransé ń gba owó orí, ó ń kó ọkùnrin sógun, ó ń fi tipá kó wọn ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Láàárín 1914 sí 1916, àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá agbègbè Pobè, kọ̀ fún un, wọ́n jà, ilẹ̀ àbàtà wọn sì gbè wọ́n. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò jà; wọ́n kó ẹrù, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ka irú ìṣípò bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ yẹn ì bá má ṣeé ṣe ká ní kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n mọ ilé tí wọ́n ń sá lọ, torí wọ́n ti ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ọjà, fún ọdún, fún òkú. Ẹsẹ̀ ìgbà àlàáfíà ló la ọ̀nà fún ìgbà ìnira.

Kì í sì í ṣe àwa Ànàgó, Yorùbá ẹkùn yìí, nìkan ni ìrìn-àjò so pọ̀. UNESCO kéde ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní ogún àṣà ọmọ aráyé ní 2001 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ní Kóvè ní Benin, àwọn tó ń sọ èdè Mahi náà ń jó o. Ìjó kì í dá rìn; èèyàn ló gbé e débẹ̀.

Láti 1979 ni ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wọn láìgba físà, kí wọ́n sì lo 90 ọjọ́. Síbẹ̀ Nàìjíríà ti ààlà pa mọ́ ọjà láti oṣù kẹjọ 2019; oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ìyá alágàrí kò kúkú ní pásípọ́ọ̀tù. Orúkọ ilé àna rẹ̀ ló fi ń dá aṣọ́bodè lóhùn. Bí ìjọba bá fẹ́ kó mú ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí ọ́fíìsì tó ń ṣe é sún mọ́ ọn.