Ẹ̀tọ́ àti Ojúṣe Ọmọ Ìlú

Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò jìnnà sí wa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, àwọn ará Èkìtì dìbò yan gómìnà. A kéde pé Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì, ni ó wọlé. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn ní agbègbè Ọ̀yẹ́, kò fi ìjà gbà á. Ilé-ẹjọ́ ni ó gbà lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ pé kí a tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63. Àbájáde ti Ìdó-Òsì sì tún di àríyànjiyàn. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni ilé-ẹjọ́ náà, ní Ìlọrin, tó dá Fáyẹmí láre. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ẹjọ́ náà gbà.

Ìwé òfin ọdún 1999 fún ẹni tí ó pé ọmọ ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò. Ṣùgbọ́n abala 24 ka ojúṣe sí wa lọ́rùn pẹ̀lú: kí a pa òfin mọ́, kí a bọ̀wọ̀ fún ọmọnìkejì, kí a ran agbófinró lọ́wọ́, kí a sì san owó-orí. Ẹni tí ó bá já àpótí ìbò gbà, ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni ó jí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín léèrè: bí ìbò bá tún dé, ta ni yóò jẹ́rìí òtítọ́? Ẹ̀tọ́ tí a kò bá ṣọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni í bọ́ sí.