Ká Tó Ra Ẹ̀rọ Pákí fún Ẹgbẹ́



Gbogbo wa la mọ ìyà tó wà nínú kéèyàn to pákí sídìí ẹ̀rọ ẹlòmíì, kó máa retí ìgbà tó máa kàn án. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹgbẹ́ ra tiwa. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ríra ẹṣin kò ṣòro tó bíbọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la máa san owó ẹ̀rọ. Oúnjẹ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni.

Ẹ wo epo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Ẹ̀ńjìnnì tó ń mu lítà 5 lójúmọ́, tí 1,000 náírà ń tó tẹ́lẹ̀, ó di 5,000. Nítorí náà, ká bi ẹni tó ń tà á: lítà mélòó ló máa mu kó tó lọ agbọ̀n 10?

Èkejì, páàtì. Pákí tí a bá ti wú kì í dúró de èèyàn. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí páàtì di Èkó, ta ló máa san owó pákí? Èyí tí mẹkáníìkì Igbó-Òrà tàbí Ẹ̀rúwà mọ̀ ọ́n tún ṣe, bó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀, òun ló máa rọ̀ wá lọ́rùn.

Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ká dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó tan án. Ẹ̀ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àìsàn pamọ́. Bí èéfín rẹ̀ bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Ká gbé pákí tiwa dání, ká fi dán an wò. Èyí tó ń ké dáadáa lófìfo lè kú bó bá rí ẹrù.

Omi pákí kan, ó ń jẹ irin. Irin tí kì í dógùn-ún ni ká bèèrè. Kí wọ́n fi nǹkan bo bélíìtì, nítorí ìró wa àti ọwọ́ àwọn ọmọ.

Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà lórí rísíìtì, kì í ṣe ti èmi akọ̀wé tàbí ti akápò.

Àbá mi nìyí: ká háyà ẹ̀rọ kan fún oṣù kan. Màá máa kọ ọ́ sínú ìwé: iye agbọ̀n, iye epo, iye àtúnṣe. Bí èyí tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde, ká rà á. Bí kò bá jù ú, owó wa ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ bá mi rò ó dé ìpàdé tó ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.