Páswọ́ọ̀dù Yín Lọ́wọ́ AI

AI ti ń báni ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà báyìí, iṣẹ́ ọ̀hún sì máa ń bèèrè páswọ́ọ̀dù. Ṣé ká wá kọ ọ́ fún un ni? Rárá o! Ohun tí AI bá ti kà, ó lè kọ ọ́ síta. Ọ̀daràn lè fi àṣẹ pamọ́ sínú ímeèlì, kí AI kà á, kó sì rò pé ọ̀gá òun ló rán òun níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo 1Password, ètò tó ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù sínú àpótí. Ó ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ op. Dípò páswọ́ọ̀dù gan-an, àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ máa kọ sínú fáìlì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú op://. Tí AI bá lo àṣẹ "op run", irinṣẹ́ náà á gbé páswọ́ọ̀dù fún ètò tó nílò rẹ̀. Bí ètò yẹn bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síta lójú kọ̀ǹpútà, op á fi àmì bò ó mọ́lẹ̀.

Àmọ́ "op read" náà wà níbẹ̀, tó ń gbé páswọ́ọ̀dù jáde ní gbangba. Ibí yìí gan-an ni ìwé ìlànà tí ẹ ń kọ fún AI ti ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí AI máa ń tẹ̀lé àpẹẹrẹ tó bá rí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi bọpobọyọ̀: "Op run ni kí o lò. Má lo op read. Bí àpótí bá wà ní títìpa, dúró, kí o sọ fún ẹni tó ni ín." Ìlànà nìkan ò sì tó: àpótí kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí fún AI, kó má lè débi tí páswọ́ọ̀dù báńkì yín wà.