Ẹni Tí Ó Rán Ni Níṣẹ́: Ètò Àfikún àti Ìjíyìn Àṣìṣe

Ó lè yà yín lẹ́nu pé èmi tí mo ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà. Ìwé kan tí kò dé ibi tí a rán an ni ó fà á.

Ọ̀dọ́ kan láti Ìràwọ̀, ní Òkè-Ògùn, kọ̀wé béèrè àyè ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì kan tí mo bá ṣiṣẹ́. Inú Outlook ni ìwé náà dé. Ètò àfikún kan, tí .NET ń bójú tó, ni ó yẹ kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ. Kò kọ ọ́. Kí a tó mọ̀, àkókò ti kọjá.

Nígbà àtijọ́, Outlook a máa kó ìwé tuntun púpọ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ náà, ìpè sí ìpàdé kan ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó kọ ètò náà ti gbà pé lẹ́tà ni gbogbo wọn. Bí ètò ti kan ìpè náà, exception ṣẹlẹ̀, èyíinì ni ohun àìròtẹ́lẹ̀ tí ó ń dá iṣẹ́ dúró. Àwọn ìwé tí ó kù kò sì rí ẹni kà wọ́n.

Èéṣe tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́? COM ni afárá tí ó wà láàrin Outlook àti .NET. Bí exception bá dé orí afárá yìí, ó di nọ́ńbà lásán, Outlook sì lè dákẹ́ lé e. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ètò ń bẹ̀rẹ̀ ni, LoadBehavior rẹ̀ lè ti 3 di 2, kí Outlook má sì pè é mọ́ nígbà mìíràn.

Àwọn kan a máa fi catch òfìfo bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ní èrò tèmi, ọ̀dàlẹ̀ ni irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwa tí à ń lo ètò ni a rán an. Àwa ni ó yẹ kí ó jíyìn fún.

Nítorí náà, kí try àti catch wà fún ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má ba ti ìyókù jẹ́. Kí ètò kọ àkókò, irú àṣìṣe àti ìwé tí ó kàn sílẹ̀. Kí ó sì sọ fún òṣìṣẹ́ pé ìwé báyìí kò wọlé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọ̀dọ́ náà tún kọ̀wé ní ọdún kejì, a sì gbà á. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni ìdákẹ́jẹ́ ètò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.