Ẹgbẹ́ Ìkàwé Àwọn Ọmọdé: Bí A Ti Ń Dá A Sílẹ̀ àti Bí Kò Ṣe Ní í Kú

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí àwọn àgbà àdúgbò ṣe lè máa kó àwọn ọmọdé jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kàwé fún wọn láìgba kọ́bọ̀, àti ohun tí wọn yóò ṣe tí iṣẹ́ náà kò fi ní í kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, tí ó sì ń lọ sí ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Ibi méjèèjì ni wọ́n ti ń bá ìwé pàdé, ṣùgbọ́n ìwé tí ìdánwò wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, tàbí èyí tí pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà mọ lẹ́tà, ó sì lè pe ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, kò jẹ́ ṣí ìwé fúnra rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ti parí fún un nìyẹn. Nígbà tí ó bá dàgbà, ẹlòmíràn ni yóò máa ka àlàyé tí ó wà lára òògùn fún un, yóò sì tẹ ìka sí ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àdánù kékeré kọ́ ni èyí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Jọ́dánì yẹ ní àfiyèsí. Ní ọdún 2006, ní Amman tí í ṣe olú-ìlú ibẹ̀, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Rana Dajani, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ kì í kàwé fún ìgbádùn. Kò dúró de ìjọba, kò sì kọ́ ilé. Mọ́sálásí àdúgbò ni ó lọ, ó kó àwọn ọmọdé jọ, ó sì ń ka ìtàn sí wọn létí ní èdè Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin mìíràn bí a ti ń kàwé fún ọmọdé, kí oníkálùkù lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀. We Love Reading ni wọ́n pe ètò náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn fẹ́ràn ìwé kíkà. Ó tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó dé àgọ́ àwọn ará Síríà tí ogun lé wá sí Jọ́dánì, àjọ UNESCO sì fún un ní ẹ̀bùn King Sejong ní ọdún 2017 nítorí iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Kì í ṣe ilé ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe owó oṣù. Àgbàlagbà kan, ìwé díẹ̀ àti ọjọ́ tí kì í yẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹta ni ó ṣòro jù. Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìyá àgbà a máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ lábẹ́ òṣùpá. Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì í ṣe ìdánwò, síbẹ̀ àwọn ọmọ a máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún pa òmíràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó ronú sí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní ni àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí ènìyàn 3 ó kéré tán fohùn ṣọ̀kan: ẹni tí yóò kàwé, ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ bí àìsàn tàbí ìnáwó bá dé, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé. Iṣẹ́ fisàbílílàhì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fisàbílílàhì kì í ṣe iṣẹ́ ìgbà tí ó bá wù mí.

Èkejì ni ibi àti àkókò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí, yàrá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí abẹ́ igi nínú agbo ilé, gbogbo rẹ̀ dára, bí Lèmọ́ọ̀mù, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí baálé bá ti fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn ìyá ní àkókò tí ọwọ́ ọmọ máa ń dilẹ̀, nítorí ọmọ tí ń kiri ọjà ni ó nílò àpéjọ yìí jù. Ìṣẹ́jú 45 tó lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹta ni ààbò ọmọ. Kí àgbàlagbà 2 máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ àti ti òbí rẹ̀ sílẹ̀. Kí òbí tí ó bá fẹ́ jókòó gbọ́ ìtàn jókòó.

Ẹ̀kẹrin ni èdè. Àwọn kan yóò ní kí wọ́n máa ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí ọmọ má baà kẹ́yìn. Kí wọ́n rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliyu Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ sì ta wọ́n yọ, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èdè tí ọmọ gbọ́ ni kí wọ́n fi fà á mọ́ ìwé. Èyí tí ó kù yóò tẹ̀ lé e.

Ẹ̀karùn-ún ni bí a ti ń kà á. Kí olùkàwé ti ka ìtàn náà nílé kí ó tó wá. Kí ó kà á sókè pẹ̀lú ohùn tí ó yàtọ̀ síra, kí ó fi àwòrán hàn yípo, kí ó dúró díẹ̀ láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó tún un kà, kí ó tún un kà. Pàṣán kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, máàkì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi ipá mú ọmọ kàwé níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni àwọn ìwé. Ìwé 12 tó láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé Aláwìíyé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò kà wọ́n mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ sì lè kọ àlọ́ ìyá àgbà sínú ìwé àjákọ, kí wọ́n ya àwòrán sí i. Kí ọmọ máa yá ìwé lọ sílé, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí ó gbó nítorí pé àwọn ọmọ kà á ti ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún.

Ẹ̀yin ará, ewu tí ó ń pa irú ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe àìlówó. Ọmọ tí ó dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì tí ó bá àgádágodo níbẹ̀ kò ní í padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, yóò sì gbà pé ìwé wà lára àwọn ohun tí àgbà fi ń tan ọmọdé jẹ. Nítorí náà, bí ọmọ 3 péré bá wá, kí wọ́n kàwé fún ọmọ 3. Bí òjò bá rọ̀, kí olùkàwé wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é fún ọdún kan, kí ó má fi ẹnu ṣèlérí rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ṣe é, kí ó wá ẹni 2 kún ara rẹ̀ lónìí, kí wọ́n sì dá ọjọ́. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ó rọrùn fún wọn. Àmín.