Àyè Tó Ṣófo Láàárín Ọjà

Ẹ jẹ́ ká dé Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, nítòsí ààfin Déjì, ká yà sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta mílíìkì. Ti agolo wà lórí pẹpẹ. Ti ọ̀rá kékeré so rọ̀ lókè, ó gùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Nígbà kan, agolo ló gbòde, àyè sì ṣófo fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Ní 1993, iléeṣẹ́ Promasidor gbé mílíìkì Cowbell wọ Nàìjíríà, wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá kékeré tí tálákà lè rà. Nígbà tó yá, mílíìkì Peak náà ṣe tirẹ̀.

Báwo ni àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń rí irú àyè tó ṣófo bẹ́ẹ̀? Wọ́n á pín oníbàárà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Lójú tèmi, bí owó ṣe ń wọlé fún èèyàn ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbowó oṣù lè ra agolo ńlá. Ọlọ́kadà tó ń rówó lójoojúmọ́, ti òní ló ń rà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa ìlà méjì sórí ìwé, ọ̀kan fún iye owó, èkejì fún ìwọ̀n, wọ́n á wá fi ọjà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Ibi tí kò sí nǹkan kan ni wọ́n á tẹjú mọ́.

Àmọ́ ibòmíì ṣófo nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ nǹkan níbẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kówó lé e, ẹ bi àwọn ìyá nísọ̀: “Ẹ̀yin ìyá wa, kí làwọn oníbàárà máa ń béèrè tẹ́ ẹ kì í ní?”