Àpótí Owó Ló Ṣáájú Ìjà: Ìtàn Ìjọ St. Thomas ní Philadelphia

Ìtàn ìjọ St. Thomas tó wà ní Philadelphia ni ẹ ní kí n wá sọ. Episcopal ni wọ́n ń pe àwa Áńgílíkà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti di Ìwé Àdúrà mú rí mọ ìyókù, ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀.

Absalom Jones ni àlùfáà àkọ́kọ́ ìjọ náà. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Delaware lọ́dún 1746. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí olówó rẹ̀ mú un wá sí Philadelphia, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó ń kàwé lálẹ́. Nígbà tó gbéyàwó, òmìnira ìyàwó ló kọ́kọ́ rà, nítorí ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni. Ọdún 1784 ni òun tó bọ́ lóko ẹrú.

Ibi tí ìjà wa wà nìyí. Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá bí ìjọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mẹ́sàn-án á ní ìwọ̀sí ló bí i. Wọ́n á sọ bí àwọn aláṣẹ St. George's, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ṣe wá fa Jones dìde lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àdúrà, pé gálárì tó jókòó sí kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú, àti bí òun, Richard Allen àti àwọn èèyàn wọn ṣe jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ní 1787 ni. Olùkọ́ kan tó kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé nínú iṣẹ́ ìtàn yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni jiyàn ọdún yẹn. Ẹni tó bá jiyàn, máàkì rẹ̀ ti lọ. Ó ti di olóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n n kò gbà fún un síbẹ̀.

Ìwọ̀sí náà ṣẹlẹ̀, n kò sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ni Allen rántí rẹ̀ sínú ìwé, ó sì ti kú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1833. Àkọsílẹ̀ St. George's fúnra rẹ̀ fi hàn pé 1792 ni wọ́n kọ́ gálárì. Báwo ni wọ́n ṣe máa lé èèyàn kúrò nínú gálárì tí káfíńtà kò tíì kàn? Òpìtàn Milton Sernett ti tọ́ka sí èyí láti 1975, àwọn èèyàn ṣì ń ka 1787 bí ẹni ka kátíkísìmù.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1787 ni Jones àti Allen dá Free African Society sílẹ̀. Àjọ ni, bí èyí tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà: ṣílè kan lóṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan; tó bá pé ọdún kan, ẹni tí ìyà bá ń jẹ nínú wọn á máa gba ṣílè mẹ́ta àti pẹ́ńsì mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Opó wọn ń jẹ níbẹ̀. Lọ́dún 1791 ẹgbẹ́ yìí ti ń bá Dókítà Benjamin Rush gbèrò ilé ìsìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1792 wọ́n ti ra ilẹ̀ sí Òpópónà Karùn-ún, láàárín ìgboro. Ìgbà tí ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn ni àwọn aláṣẹ St. George's wá fà wọ́n dìde. Kò sí ẹni tó lé wọn débẹ̀, wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìbínú nìkan ló ń kọ́ ilé fún aláwọ̀ dúdú, ẹ ń gba àpótí owó lọ́wọ́ wọn.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìwé àkọsílẹ̀ ló là wá níjà, ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin wọ́dìnì: níbo ni ìwé ìṣirò owó ìjọ yín wà? Mo dé ilé àlùfáà kan tí ikán ti jẹ ìwé ìrìbọmi tán, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun sì wà lórí àpótí rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó dáa.

Ní oṣù kẹjọ 1793 wọ́n gbé òrùlé ilé ìsìn tuntun náà sókè. Níbi àsè ọjọ́ náà, àwọn aláwọ̀ funfun jẹun lábẹ́ igi, aláwọ̀ dúdú ń gbé oúnjẹ fún wọn. Lẹ́yìn náà aláwọ̀ dúdú jókòó, aláwọ̀ funfun dìde gbé oúnjẹ fún wọn. Kò pẹ́ tí ibà pọ́njú fi kọlu ìlú. Jones àti Allen kó àwọn èèyàn wọn jáde láti tọ́jú aláìsàn àti láti sin òkú. Mathew Carey, atẹ̀wé kan, wá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kan nínú wọn jalè. Wọ́n fi ìwé tiwọn dá a lóhùn ní 1794.

Ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún náà ni wọ́n ṣí St. Thomas. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ yan Episcopal. Allen kọ̀, ó lọ dá Bethel ti Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Jones gbà, ó sì di àlùfáà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Episcopal. Àwọn aláṣẹ Episcopal yọ̀ǹda kí ó máà kọ́ Gíríìkì àti Látìn tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlùfáà, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kí ìjọ rẹ̀ rán aṣojú lọ sí sínọ́ọ̀dù. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí ilẹ̀kùn yẹn tó ṣí, nígbà tí Àjàyí Crowther ti fẹ́ di bíṣọ́ọ̀bù.

Alága ti ń wo aago. James Forten tó ń rán ìgbòkun ọkọ̀, ọmọ ìjọ St. Thomas ni. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Du Bois kọ ìwé rẹ̀ nípa ìlú náà ní 1899, ó ní ibẹ̀ ni àwọn tó rí já jẹ ń lọ. Ìjọ náà kúrò ní Òpópónà Karùn-ún, ó ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Overbrook ló wà báyìí. Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ fẹ́ bi mí bóyá ìwọ̀sí kọ́ ló bí Bethel ti Èkó, tí àwọn ará ìjọ Breadfruit dá sílẹ̀ ní 1901, mo ti rí ọwọ́ yín, ẹ dìde ẹ bi mí.